Búrẹ́dì Tí Wọ́n Gé Nígun

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti tò sórí ìlà tán, ọmọbìnrin kan tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè ní Akéde dúró nídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ń ka ìròyìn ọ̀sẹ̀. Ìròyìn mẹ́rin ló wà nínú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ ìròyìn ti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti fi bírò pupa tún àṣìṣe méjì ṣe, ó sì ti buwọ́ lù ú. Akéde ka mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán. Ó ká ìwé náà pọ̀, ṣùgbọ́n kò kúrò níbẹ̀.

"Ìròyìn karùn-ún," ó wí. "Ẹ ṣọ́ra fún búrẹ́dì ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ọgbà wa. Búrẹ́dì tó ti bu ni wọ́n ń kó gba ẹ̀yìn wọlé, tí wọ́n ń lọ̀ mọ́ ìyẹ̀fun tuntun. Mo fojú ara mi rí i. Àbúrò mi jẹ ẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú."

Ariwo sọ. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò pariwo lórí ìlà kíláàsì tó fẹ́ jáde ìwé: Tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ Akéde láti ọdún àkọ́kọ́. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣọ́ ààrò ní ilé iṣẹ́ búrẹ́dì náà. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà nídìí iná ọ̀hún, débi pé Bàbá Ààrò ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

Kì í ṣe ìkà ló mú Akéde sọ̀rọ̀. Ní Ọjọ́rú, inú run àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ náà ń bì, ó ń yàgbẹ́, orí itan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì dùbúlẹ̀ sí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Búrẹ́dì ló jẹ kẹ́yìn. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, bí Akéde ṣe ń gba ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ búrẹ́dì lọ sílé, ó rí ọkùnrin méjì tí wọ́n ń ru àpò láti inú ọkọ̀ wọlé. Wọ́n da àpò kan sórí tábìlì. Búrẹ́dì ló wà nínú rẹ̀, ara gbogbo wọn ti hu ewú bí orí arúgbó. Ó yọ fóònù, ó ya fọ́tò méjì. Ó so inú rírun mọ́ àpò búrẹ́dì, ó sì gbà pé òun ti mọ òtítọ́.

Òfin kan wà nínú ẹgbẹ́ ìròyìn wọn. Olùkọ́ ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sókè pátákó, kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ nù ún: BÉÈRÈ LỌ́WỌ́ ẸNI MẸ́TA. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, àti ẹni tí kò ní èrè kankan nínú rẹ̀. Akéde fúnra rẹ̀ ló máa ń fi òfin yìí dá àwọn yòókù lẹ́kun. Lọ́jọ́ yìí, kò béèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan.

"Ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?" Olùkọ́ bi í ní yàrá àwọn olùkọ́. Obìnrin gíga kan ni, kì í gbé ohùn sókè.

"Mo fojú rí i, mà."

"Mi ò bi ọ́ lóhun tí o rí. Ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?"

Akéde gbé ojú sókè. "Mà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé olúkúlùkù ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Ẹ ní kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dí wa lẹ́nu."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ̀tọ́ mi ni mo lò, mà."

Olùkọ́ dá a lóhùn. "O lò ó. Ẹnikẹ́ni ò ní nà ọ́, ẹnikẹ́ni ò sì ní lé ọ nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tó ṣílẹ̀kùn fún ọ̀rọ̀ kì í sìn ín délé. Jẹ́ ká wo ibi tí tìrẹ máa dé. Máa lọ sí kíláàsì."

Kí wọ́n tó jáde fún ìsinmi ọ̀sán, Akéde ti fi fọ́tò náà sójú ẹgbẹ́ kíláàsì wọn lórí fóònù. Láti ibẹ̀ ó dé ọ̀dọ̀ àwọn òbí, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí wọn kò mọ ilé ẹ̀kọ́ náà rárá.

"Ta ló jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ yìí?" Ẹlẹ́nu, aláwàdà kíláàsì, fò sórí àga. "Kó yáa tètè kọ ìwé ìhágún o! Èmi ni kó fi bàtà rẹ̀ sílẹ̀ fún!"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ń kí Akéde, wọ́n ń gbá a léjìká. "Akéde! Ẹnu tí kì í bẹ̀rù!" Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tó bojú wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, Tẹ́ẹ́rẹ́ ti ń kó ìwé sínú báàgì.

"Kí ló dé tí o ò bi mí?" Tẹ́ẹ́rẹ́ béèrè. "Orí ìjókòó kan náà la jọ ń jókòó láti ọdún àkọ́kọ́ wá."

"Tí mo bá bi ọ́, wàá ní kí n má sọ ọ́."

"Ó kéré tán, wàá ti gbọ́ tẹnu mi." Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó lọ jókòó sẹ́yìn.

Nígbà tí Akéde délé, tó sì fi ìgbéraga ròyìn fún ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

"Ta ló sọ fún ọ pé búrẹ́dì ni? Nọ́ọ̀sì ní omi ni. Àbúrò rẹ lọ bu omi dírọ́ọ̀mù ẹ̀yìnkùlé mu. Ó jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀, ó tiẹ̀ fi ife tó fi bù ú hàn mí."

"Mọ́mì, ẹ ò sọ fún mi."

"Ìwọ náà ò béèrè." Ìyá rẹ̀ mi orí. "Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Ṣé o mọ ẹni tí òkò rẹ máa bá báyìí?"

Akéde mọ̀. Kò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé búrẹ́dì tó ti bu ṣáà wà nínú fọ́tò, fọ́tò kì í purọ́.

Ṣọ́ọ̀bù méje ló ń tà fún ilé iṣẹ́ náà ní àdúgbò. Ní ọjọ́ Ajé, márùn-ún dá búrẹ́dì padà láìtú okùn rẹ̀. Ààrò méjì ni ilé iṣẹ́ náà ní. Wọ́n pa ọ̀kan. Wọ́n ní kí Bàbá Ààrò lọ jókòó sílé títí wọ́n á fi ránṣẹ́ pè é.

Ní Ọjọ́rú, Akéde rí i. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì níwájú ilé rẹ̀, ó wọ ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ funfun, àfi bíi pé wọ́n lè pè é nígbàkigbà. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí eékún. Akéde kò rí ọwọ́ ọkùnrin náà láìsí iṣẹ́ rí. Ó fẹ́ yà sí òdìkejì títì, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti rí i.

"Ọmọ mi, o káre o. Mo gbọ́ pé ara àbúrò rẹ ò yá. Báwo ló ṣe wà?"

"Ó ti... ó ti yá, Bàbá. Ẹ ṣé, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa se omi rẹ̀ kó tó mu ún."

Akéde rìn délé láìwo ibòmíràn. Ì bá sàn fún un ká ní ọkùnrin náà bú u.

Ní ọjọ́ Ẹtì, obìnrin tó ni ilé iṣẹ́ búrẹ́dì wá sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyẹ̀fun ṣì wà ní etí aṣọ rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì kò jókòó.

"Mi ò wá fẹjọ́ sùn," ó wí fún Olùkọ́. Ó yíjú sí Akéde. "Ìwọ ni? Ẹnu rẹ gbóná ju ààrò mi lọ. Fọ́tò tí o yà dà?"

Akéde mú fóònù jáde.

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"Búrẹ́dì tó ti bu, mà."

"Kí lo tún rí?"

"Kò sí nǹkan mìíràn, mà."

"Ó wà ńbẹ̀. Ìwọ àti olùkọ́ rẹ, ẹ wá bá mi lọ́la ní aago mẹ́jọ àárọ̀."

Nígbà tí wọ́n dé ilé iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, àpò kan wà lórí tábìlì ẹ̀yìn, ọ̀bẹ kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá Oníbúrẹ́dì ti ránṣẹ́ pe Bàbá Ààrò. Òun ló mú ọ̀bẹ náà. Ó gbé búrẹ́dì kan, ó gé igun rẹ̀ kan sọnù, ó ju búrẹ́dì náà sínú àpò mìíràn. Ó gbé òmíràn, ó ṣe bákan náà.

"Búrẹ́dì tó bá lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ní ṣọ́ọ̀bù, a máa ń gbà á padà," ó ṣàlàyé. "Wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e wọlé síbí láìgé igun rẹ̀ kan nínú ọkọ̀. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé la máa ń gé níbí. Igun tí kò sí yẹn ló ń sọ pé èyí kì í ṣe ti ènìyàn mọ́. Ẹni tó ń sin ẹja lẹ́yìn odò ló ń wá kó o fún ẹja rẹ̀."

"Ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà wọlé," Ìyá Oníbúrẹ́dì wí, "ọ̀nà ẹ̀yìn náà ló ń gbà jáde. Kò dé ìdí ìyẹ̀fun rí. Wo fọ́tò rẹ wàyí."

Akéde fi ìka fẹ fọ́tò náà lójú fóònù. Búrẹ́dì àkọ́kọ́ kò ní igun kan. Ìkejì, bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, bẹ́ẹ̀. Gbogbo búrẹ́dì inú fọ́tò náà ni wọ́n ti gé nígun. Ẹ̀rí ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti yà á. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ó sunkún díẹ̀. Kò sẹ́ni tó pa á lẹ́nu mọ́.

"Mà," ó béèrè nígbà tó nu ojú tán, "ká ní òótọ́ lẹ ń lọ̀ ọ́ mọ́ ìyẹ̀fun ńkọ́? Ṣé kí n dákẹ́ ni?"

"Olúwa má jẹ̀ẹ́! Pariwo mi. Pè mí lórúkọ níwájú gbogbo ayé. Àmọ́ kan ilẹ̀kùn mi ná."

Lójú ọ̀nà, Olùkọ́ sọ ohun tó ti pinnu. Akéde kò ní ka ìròyìn mọ́ títí sáà ẹ̀kọ́ yìí yóò fi parí. Ìdíje ọ̀rọ̀ sísọ láàrin àwọn ilé ẹ̀kọ́, tó ti ń múra sílẹ̀ fún láti oṣù mẹ́ta, ẹlòmíràn ni yóò lọ.

"Mà, ẹ ti wá gba ẹ̀tọ́ mi nìyẹn."

"Mi ò gbà á. Sọ ohun tó wù ọ́ níbi tó wù ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ gbohùngbohùn ilé ẹ̀kọ́ kì í ṣe ẹ̀tọ́ rẹ. Ìgbẹ́kẹ̀lé la fi gbé e fún ọ. Àwa tá à ń gbọ́ náà ní ẹ̀tọ́ tiwa: a lè má gbà ọ́ gbọ́. Àtúnṣe ìròyìn karùn-ún gbọ́dọ̀ jáde lọ́jọ́ Ajé. Tí ojú bá ń tì ọ́, èmi á kà á."

Ní ọjọ́ Àìkú, Akéde rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Yóò rọrùn bí Olùkọ́ bá kà á. Ṣùgbọ́n ó rántí ọwọ́ méjì lórí eékún.

Ní ọjọ́ Ajé, òun fúnra rẹ̀ dúró nídìí ẹ̀rọ náà. "Ìròyìn karùn-ún tí mo kà kì í ṣe òótọ́. Omi ló dá àbúrò mi dùbúlẹ̀. Búrẹ́dì inú fọ́tò mi, ti ẹja ni. Mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn."

"Akéde ti di akẹ́dùn!" Ẹlẹ́nu ké láti ẹ̀yìn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí ẹ̀rín fi tán, ó sọ̀kalẹ̀.

Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó mú fọ́tò náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù márààrún lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjì gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kan ní òun á rò ó wò. Oníṣọ́ọ̀bù kẹrin lé e jáde. Obìnrin tó ni èyí tó kẹ́yìn fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì mi orí.

"Mo gbà ọ́ gbọ́, ọmọ mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ àkọ́kọ́ ti dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà mi. Èyí kejì ṣì ń bọ̀ lọ́nà."

Ó pẹ́ lọ́nà lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí wọ́n tó tan ààrò kejì, kí wọ́n tó pe Bàbá Ààrò padà. Ṣọ́ọ̀bù méjì kò padà wá mọ́ rárá. Nínú ìdíje, ilé ẹ̀kọ́ wọn gba ipò kẹrin. Akéde jókòó láàrin àwọn òǹwòran, ó mọ gbogbo gbólóhùn tí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ gbàgbé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Ẹlẹ́nu sáré wọ kíláàsì, ó ń mí hẹlẹ. "Akéde, gbọ́ o! Wọ́n ní olùkọ́ ìṣirò ti ta ìbéèrè ìdánwò! Yáa gbé e sójú fóònù!"

Akéde mú bírò àti ìwé. "Ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ṣé kí n béèrè ni? Wọ́n sọ ọ́!"

"Mélòó ni 'wọ́n'? Dárúkọ ẹni mẹ́ta."

Láti ẹ̀yìn, ẹnì kan fi imú rẹ́rìn-ín. Tẹ́ẹ́rẹ́ gbé báàgì rẹ̀, ó rìn wá síwájú, ó jókòó sí ààyè rẹ̀ àtijọ́. Ó gbé búrẹ́dì kan tí wọ́n fi bébà wé sórí tábìlì.

"Bàbá mi ní kí n fún àbúrò rẹ. Ó ní kí o ka igun rẹ̀ ná."

Akéde tú bébà náà, ó sì kà á lóòótọ́, ó ń fi ìka kàn án lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀.

"Ó pé," ó wí. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀tọ́ ni láti sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́, ẹni tó jù ú sílẹ̀ ló sì ni gbígbá rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó sọ. Bí ẹ bá ti wá ṣì í sọ, ẹ má ṣe fi ẹ̀tọ́ bojú: ẹnu tó sọ ọ́ ni kó tún un ṣe.