Orúkọ Mabaso Kí Wákàtí Mẹ́rin Tó Pé

Ojú wọn ṣe mẹ́rin níbi tábìlì omi, láàárín ọgọ́rùn-ún ọwọ́ tó ń nà sí omi inú ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan náà. Bhekani Zondi ti di ọ̀rá kan mú. Ọwọ́ kejì tó di ọ̀rá yẹn mú jẹ́ ti obìnrin kan tí iyọ̀ òógùn ti gbẹ sí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni fi àtíkè pa ojú. Ẹyinjú rẹ̀ dúdú, ó sì dúró jẹ́ẹ́ bí odò tí atẹ́gùn ò fẹ́ dé. Wọ́n ti sáré kìlómítà ọgbọ̀n nínú méjìlélógójì tí eré ìje náà jẹ́. Ó yẹ kí Bhekani fi omi náà sílẹ̀ fún un. Ó gbàgbé.

"Ṣé o fẹ́ ká jọ gbé e délé ni?" obìnrin náà bi í.

Bhekani tú ọwọ́ sílẹ̀. "Wọ bọ́ọ̀sì wa," ló rí sọ. "Màá gbé ọ délé kí wákàtí mẹ́rin tó pé."

Bọ́ọ̀sì rẹ̀ kò ní táyà. Ọgọ́ta ènìyàn ni, olùkọ́, awakọ̀ takisí, ìyá àgbà kan tó ń ta ẹran sísun, gbogbo wọn ń sáré tẹ̀lé e pẹ́kípẹ́kí torí òun ni awakọ̀ wọn. Tó bá ní "Ẹ rìn," wọn á rìn. Tó bá ní "Ó yá," ọgọ́fà ẹsẹ̀ á dún lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ọ̀sẹ̀, awọ bàtà ló ń gé ní ilé iṣẹ́ kan ní Pietermaritzburg. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ eré, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọgọ́ta ènìyàn ń kó ìgbẹ́kẹ̀lé wọn sí.

Wọ́n kọrin wọ pápá. Bhekani gbójú sókè wo aago ńlá. Wákàtí mẹ́rin, ìṣẹ́jú méjì.

Ìgbà tí ìbọn dún ni aago eré ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ òun tẹ ìlà ìbẹ̀rẹ̀ ni òun tẹ aago ọwọ́ òun. Èrò iwájú ti jẹ ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárín méjèèjì. Ó ti pinnu láàárọ̀ pé bí àwọn bá dé kìlómítà ọgbọ̀n, òun á fi ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn kún ìṣirò òun. Kó má purọ́, láti ìdí tábìlì omi ni kò ti ṣírò nǹkan kan mọ́.

Àwọn yòókù dárí jì í. Obìnrin yẹn kò dárí jì í.

"Awakọ̀, ilé wo lo gbé mi dé?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Tí wọ́n bá kà á láti orí ìlà, a ò tíì lo wákàtí mẹ́rin."

"Ilé búrẹ́dì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́, búrẹ́dì ti jó nìyẹn. Ṣé kí n wá sọ fún oníbàárà pé kó kà á láti orí ìlà?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Bhekani. Obìnrin náà fẹ́ le ojú, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun náà. "Bàbá mi ò mọ ìlà," ó ní. "Ìbọn ni bàbá mi mọ̀."

Zibuyile Mabaso lorúkọ rẹ̀. Ní Ọjọ́rú, Bhekani lọ ra búrẹ́dì ní Edendale níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ó tún lọ ní Ọjọ́bọ̀. Ó tún lọ ní Ọjọ́ Ẹtì.

"Ìwọ nìkan lò ń jẹ gbogbo rẹ̀?"

"Èrò bọ́ọ̀sì mi ni mò ń rà á fún."

"Ọgọ́ta ènìyàn, búrẹ́dì kan. O ò kúkú mọ ìṣirò rí."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré pọ̀ ní òwúrọ̀ kùtù, nígbà tí ìkùukùu ṣì dùbúlẹ̀ sí àfonífojì bí wàrà nínú abọ́. Zibuyile máa ń gun òkè láìsọ̀rọ̀. Tó bá dé orí rẹ̀, á yíjú padà wo ọ̀nà tó ti gbà wá, á sì mi orí bí ẹni tí kò gbà pé ẹsẹ̀ òun ló ṣe é. Bhekani á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á máa wò ó. Ó ti gun òkè yẹn fún ọdún mẹ́fà, kò mọ̀ pé ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀.

"Kí lò ń wò, Nondaba?" Ó ti ń fi oríkì ìdílé àwọn Zondi pè é nígbà yẹn.

"Òkè ni, ayọ̀ mi."

"Òkè ọ̀hún wà lápá ibẹ̀ yẹn."

Nígbà tó di oṣù kẹjọ, àwọn àgbà ilé Zondi kọ lẹ́tà sí ilé Mabaso pé kí wọ́n dá ọjọ́ tí àwọn á wá sọ̀rọ̀ màlúù ìdána. Ọkọ ìyàwó kì í fúnra rẹ̀ mú irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, Bàbá Mzikayise, ló wọ aṣọ kóòtù, tó dúró lẹ́nu géètì, tó ń ki oríkì àwọn Mabaso títí ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. Bàbá Zibuyile jáde, ó kí i dáadáa, ó fún un lómi. Kò gba lẹ́tà.

"Kò bínú sí ẹ," Zibuyile sọ lọ́jọ́ kejì. "Nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, wọn kì í fún aláwọ̀ dúdú ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sáré. Inú igbó ló sá pamọ́ sí. Ìbọn dún, ó bẹ́ sójú ọ̀nà, ó sì dé kí wákàtí mẹ́rin tó pé. Wọ́n kọ orúkọ gbogbo ẹni tó dé. Wọn ò kọ tirẹ̀."

Zibuyile tún fìlà pupa orí rẹ̀ ṣe.

"Èmi nìkan ló ń sáré nínú àwọn ọmọ rẹ̀. Tí mo bá di ìyàwó Zondi, orúkọ yín ni wọ́n á máa kọ. Ó ní kí Mabaso kọ́kọ́ wà níbẹ̀, lábẹ́ wákàtí mẹ́rin, lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn ìyẹn, òun á gba lẹ́tà."

"Wọ bọ́ọ̀sì mi, nígbà náà. Ìbọn ni màá kà lọ́tẹ̀ yìí."

"Rárá o. Bàbá mi dá a sá ni. Iwájú rẹ ni màá wà. Tí bọ́ọ̀sì rẹ bá kọjá mi, ó di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

"Mo lè fẹsẹ̀ fà á díẹ̀."

"Ọgọ́ta ènìyàn tó gbẹ́kẹ̀ lé ẹ ńkọ́? Tí o bá tàn wọ́n jẹ nítorí mi, olólùfẹ́, mi ò fẹ́ ẹ mọ́."

Nígbà tó di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e, ìbọn eré dún, Bhekani sì tẹ aago rẹ̀ pẹ̀lú ìbọn. Kò rí Zibuyile títí di kìlómítà kẹtàdínlógójì. Níbẹ̀ ló ti rí fìlà pupa rẹ̀ lókèèrè, tí orí rẹ̀ ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí èjìká. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wúwo. Bọ́ọ̀sì ti ń sún mọ́ ọn. Ó ku àádọ́ta ẹsẹ̀ bàtà. Ó ku ọgbọ̀n.

Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn nínú bọ́ọ̀sì. "Awakọ̀, dẹ̀ ẹ́ díẹ̀," ìyá ẹlẹ́ran ní.

"Mi ò lè ṣe é, Ìyá." Omi bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Kò dín ìgbésẹ̀ kan kù.

Ìyá àgbà dá orin ìjọ kan, ṣùgbọ́n kò dá a sí ìgbésẹ̀ bọ́ọ̀sì. Ó yára jù ú lọ. Ọgọ́ta ohùn gbè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i, ẹsẹ̀ wọn kò sì tẹ̀lé orin náà. Ẹsẹ̀ wọn wà ní ìwọ̀n awakọ̀; orin wọn jẹ́ ti obìnrin tó wà níwájú. Kò sí ẹni tó ṣìsẹ̀. Bhekani kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, bí ẹni pé ọ̀nà fúnra rẹ̀ ló ń kọrin.

Zibuyile kò wẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ nà ṣánṣán. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gbọ́ orin, ó bá a lọ, àlàfo àárín wọn ń fẹ̀ títí fìlà pupa náà fi yà ní kọ́nà.

Bọ́ọ̀sì dé nígbà tó ku ìṣẹ́jú kan kí wákàtí mẹ́rin pé, gbogbo ọgọ́ta. Zibuyile ti jókòó sórí koríko, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Bhekani ń lọ bá a, ó rí bàbá Zibuyile níbi pátákó èsì, ó dúró. Àna kì í fi ẹsẹ̀ eré pàdé bàbá ìyàwó rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba lókèèrè.

Ìka bàbá náà ń sọ̀ kalẹ̀ lórí ìwé, orúkọ kan tẹ̀lé òmíràn. Ó dúró. Wákàtí mẹ́ta, ìṣẹ́jú méjìdínlọ́gọ́ta. Ó ka Mabaso, orúkọ ara rẹ̀, jáde jẹ́jẹ́, bí ẹni ń pe ọmọ tó sùn. Ìka náà kò kúrò níbẹ̀. Èrò tó fẹ́ wo èsì tiwọn tò sẹ́yìn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kó yára.

Nígbà tó yá, ó yíjú sí Bàbá Mzikayise, tó ti wọ aṣọ kóòtù dúró tì í láti òwúrọ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó sì na méjèèjì síwájú.

"Nondaba," ó ní, "ẹ mú un wá."

Bàbá Mzikayise ṣí fìlà. Ó fi lẹ́tà náà lé e lọ́wọ́.