Àlùbọ́sà Tí Délù Bó

Délù ni orúkọ rẹ̀. Abúlé Gálmì ló ń gbé, lọ́dọ̀ Kàká, ìyá ìyá rẹ̀.

Inna, ìyá rẹ̀, ti lọ sí ìrìn àjò. "Bí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀, màá dé," ló wí.

Ilé dákẹ́. Àgbàlá dákẹ́.

Wọ́n ń kó àlùbọ́sà sínú àká. Délù yan ọ̀kan, ó pupa, ó tóbi. "Ti Inna nìyí."

Èèpo rẹ̀ gbẹ, ó dọ̀tí. Délù fẹ́ kí ó rẹwà. Ó bó o. Ṣàrà. Ṣàrà. Àlùbọ́sà ń dán.

Nígbà tó yá, àlùbọ́sà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

"Ta ló bọ́ aṣọ lára eléyìí?" Kàká bèèrè.

Délù fi ọwọ́ pamọ́ sẹ́yìn.

"Ìwọ ni. Ọmọ Gálmì wo ló ń bó àlùbọ́sà kó tó wọ àká? Èèpo yẹn ni kì í jẹ́ kí omi ara rẹ̀ gbẹ."

Délù sunkún díẹ̀. Ó ní àlùbọ́sà ló ń ta òun lójú.

Ní iléèwé, ó dá jókòó, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Málàm, olùkọ́ wọn, fi awọ àlùbọ́sà fẹ́lẹ́ sábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá.

"Délù, wá wò ó."

Ó rí ohun tó jọ yàrá. Yàrá. Yàrá. Ògiri yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká.

"Málàm, ta ló ń gbé ibẹ̀?"

"Àlùbọ́sà fúnra rẹ̀ ni. Ògiri ló gbé yàrá ró. Nínú ògiri, awọ kan tún wà, bí aṣọ ẹnu ọ̀nà. Ó ń dènà ohun burúkú. Ó ń jẹ́ kí omi wọlé."

Omi ń wọlé. Délù rò ó títí.

Ó délé. Ó gbẹ́ ilẹ̀. Ó gbin àlùbọ́sà Inna. Ó ní, "Mu omi o." Ó bu omi sí i. Ṣọ̀ọ̀.

Orí kan yọ lókè ọgbà. Zuwéírà ni, ọmọ ilé kejì.

"Ilẹ̀ lò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Àlùbọ́sà ni."

"Ṣé ó dá ẹ lóhùn?"

"Rárá."

"Ó jọ ẹ́, nìyẹn."

Délù wo ọgbà. Ó wo Zuwéírà. Ó ká ẹní tó bo ẹnu ọ̀nà sókè.

"Wọlé. Bu omi dání."

Wọ́n bu omi. Ṣọ̀ọ̀. Wọ́n bu omi. Ṣọ̀ọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ewé kan yọ. Ó tutù, ó rí bí ìka.

Òjò dé. Tó. Tó. Wàà.

Ẹnì kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó tutù rinrin. Inna ni.

Délù dì mọ́ ọn. Ó sún díẹ̀, kí Zuwéírà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà lè ráyè.

Délù nawọ́ sí ewé àlùbọ́sà náà. "Tiyín nìyí, Inna. Mo bó o. Ó yè."