Ẹni Tó Wà Nídìí Sítíárìn

Òdo ni mítà ìrìn ọkọ̀ náà kà, ṣùgbọ́n rọ́bà tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ lórí bíréèkì rẹ̀ ti jẹ títí ó fi kan irin. Àbúrò mi ló kọ́kọ́ rí i. Ó pè mí síta nínú òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ọ̀sán ọjọ́ náà, ó nàka sí i, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹsẹ̀ ta ló jẹ bíréèkì ọkọ̀ tí ò tíì rìn rí?" Mo ní kó yé yọ mí lẹ́nu, pé ojoojúmọ́ làwọn ọlọ́kọ̀ ń fọwọ́ yí mítà padà. Tíì mi ló wà lọ́kàn mi, mi ò fẹ́ kó tutù.

Kí ẹ lè mọ ohun tí à ń ṣe níbẹ̀, ilé iṣẹ́ wa kì í ta ọkọ̀. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ eré, èyí tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tàbí tó fẹ́ rà á, ló máa ń gbé e wá kí a bá a wà á wò, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé bó ṣe rí lára. Èmi ni mo kọ́kọ́ ń wà wọ́n. Nígbà tí mo wá fi ọ̀kan gbá ògiri, tí ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mi kán sí ọ̀nà mẹ́ta, mo fi sítíárìn sílẹ̀ fún àbúrò mi, èmi di akọ̀wé. Ó mọ ọkọ̀ wà jù mí lọ, ẹ jẹ́ n sọ tòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti sọ̀ kalẹ̀, tí ẹ bi í pé báwo ló ṣe rí, "Ó dáa" ló máa sọ. Ó parí. Èmi ni mo máa wá fi ẹnu ara mi tú gbogbo ohun tí ara rẹ̀ gbọ́ palẹ̀, tí àwọn oníbàárà á kà á, tí wọ́n á ní àwọn ti wa ọkọ̀ náà tán láìtíì fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìyẹn máa ń wú mi lórí. Ó máa ń wú mi lórí jù.

Ọkùnrin tó gbé ọkọ̀ náà wá kò bá àbúrò mi jáde. Ó wọlé, ó jókòó síwájú tábìlì mi, ó mú ìwé kékeré kan àti bírò jáde. Àgbàlagbà ni, aṣọ rẹ̀ mọ́ tónítóní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́ ọ. Kì í yí ọrùn. Bó bá fẹ́ wo fèrèsé, gbogbo ara rẹ̀ ló máa ń yí láti ìdí.

Àbúrò mi juwọ́ sí wa láti ìta, ó wọ ọkọ̀, ó lọ.

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n sọ," ọkùnrin náà wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi kó tó dé. Ẹ sọ ọ́ bí ẹni pé ẹ wà nínú ẹ̀."

"Ṣé ká jẹ́ kó dé ná, sà?"

"Ọ̀nà tó ń gbà lọ, ṣé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà kan náà là ń gbé gbogbo ọkọ̀ gbà: ẹ̀yìn àwọn ilé ìkẹ́rùsí, lẹ́yìn náà ọ̀nà gbọọrọ tó gòkè, lẹ́yìn náà kọ́nà ẹ̀gbẹ́ odò. Mo dijú, mo bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ọkọ̀ tí táyà méjì péré ń fà máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ilẹ̀, pàápàá nínú òjò. Ẹ tẹ tọ́tù kó lè sáré, táyà á kọ́kọ́ yí lásán, ọkọ̀ á mi ìdí, kó tó lọ. Èyí tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà kì í tọrọ nǹkan kan. Bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ. Ẹ̀yìn yín á lẹ̀ mọ́ àga, inú yín á sá sẹ́yìn. Mo ní ó ti dé ọgọ́rin, ó ti di ọgọ́rùn-ún, ilẹ̀ tutù ṣùgbọ́n sítíárìn ò mọ̀ pé ó tutù. Mo ní ibi tí ẹ ti máa ń gbẹ́sẹ̀ nínú ọkọ̀ mìíràn, ibẹ̀ gan-an lẹ máa ti tún tẹ̀ ẹ́ nínú èyí. Táyà iwájú á bu ilẹ̀ jẹ, ti ẹ̀yìn á tì yín díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rò pé ó fẹ́ yọ̀, kò ní yọ̀, á to ara rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ fà lọ́wọ́ sọdá títì.

Mò ń gbọ́ ìró bírò rẹ̀ lórí ìwé. Ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga lóòótọ́. Mo rò pé dídùn ọ̀rọ̀ ló fà á.

"Ọgọ́rùn-ún péré?" ó wí jẹ́jẹ́.

"Ọgọ́fà," ni mo wí. "Ọgọ́jọ. Ó ń gun òkè, kò sì rẹ̀ ẹ́."

Mo lajú láti mu tíì. Tíì náà ti ṣí sí apá kan, ó gun ara ife lápá òsì, ó dúró síbẹ̀, kò sì padà sílẹ̀. Tábìlì mi tẹ́jú pẹrẹsẹ. Mo fi ìka kan ife náà, ó ń gbọ̀n wìrìwìrì lábẹ́ ìka mi.

Fóònù mi dún. Àbúrò mi ni. Mo tẹ̀ ẹ́ kí ohùn rẹ̀ lè jáde síta, mo gbé e sórí tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n mi." Ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ajá. "Láti ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí ni mo ti gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù. Ó ṣì ń lọ. Ọgọ́jọ ló wà. Kì í ṣe èmi ni mò ń yí sítíárìn, òun ló ń yí ọwọ́ mi."

Mo wo ọkùnrin náà. Ó gbé bírò dání, ó ń dúró de ọ̀rọ̀ tó kù.

Mo dákẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn nìyẹn, pé bí ẹnu mi bá dákẹ́, ọkọ̀ á dúró. Kò tó bí ẹni mí lẹ́ẹ̀mẹta tí àbúrò mi fi figbe ta nínú fóònù. "Sítíárìn ti dẹ̀! Ẹ̀gbọ́n mi, kò mú nǹkan kan mọ́!"

"Ẹ má dákẹ́," ọkùnrin náà wí. Kò gbóhùn sókè. "Bẹ́ ẹ bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó ń wà á nìyẹn."

Mo sáré ní sítíárìn ti le, ó ti mú, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di ilẹ̀ mú. Bírò kọ ọ́. Mo gbọ́ tí àbúrò mi mí kanlẹ̀. Mo wá ní ọkọ̀ ti dúró. Bírò náà rìn láti etí ìwé kan dé èkejì, kò fi àpá kankan sílẹ̀.

"Irọ́ kì í mú lórí ìwé yìí," ó wí. "Báwo ló ṣe máa ń rí gan-an? Ẹ kúkú mọ̀ ọ́n."

Mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo ẹni tó ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí ló mọ̀ ọ́n, a kàn kì í kọ ọ́ ni, torí kò dùn ún kà. Táyà mẹ́rin tó ń fà wúlò fún lílọ, kò wúlò fún dídúró. Lórí ilẹ̀ tó tutù, bíréèkì ọkọ̀ eré ò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ti ọkọ̀ tó ń kó búrẹ́dì lọ. Ọkọ̀ náà máa ń fún èèyàn ní ìgboyà tí kì í ṣe tiẹ̀, á gbé e dé ẹnu kọ́nà, ibẹ̀ ló ti máa gbà á padà.

Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, omi ń bọ́ lójú mi. Mo ní bíréèkì ti wọlẹ̀, imú ọkọ̀ ti dorí kodò, ẹ̀yìn ti fúyẹ́. Mo ní ọgọ́jọ ti di ogóje, kò sì tíì wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bírò ń kọ gbogbo rẹ̀. Ọgọ́ta ló yẹ kéèyàn fi wọ kọ́nà ẹ̀gbẹ́ odò nínú òjò.

"Ó ku nǹkan kan tí mi ò tíì kọ," ọkùnrin náà wí. Ó yí ìwé sí mi, ó fi àyè kan tó ṣófo hàn mí. "Ẹni tó wà nídìí sítíárìn. Àbúrò yín ló fẹsẹ̀ wọ̀ ọ́, ẹ̀yin lẹ sì ń fẹnu wà á. Èyí tẹ́ ẹ bá sọ nínú ẹ̀yin méjèèjì, òótọ́ ni, ìwé á gbà á. Òun ló máa wà níbẹ̀ tí kọ́nà bá dé. Ẹnì kejì á wà lórí àga yín yìí."

Àbúrò mi gbọ́. Mo mọ̀ pé ó gbọ́, torí èémí tó ń mí hẹlẹhẹlẹ dúró. Ó yẹ kó bẹ̀ mí. Ó yẹ kó pariwo, kó rán mi létí pé èmi ni mo mú òun wá síbi iṣẹ́ yìí. Ìró wáípà nìkan ni mò ń gbọ́, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Mo rántí ọrùn ọwọ́ mi. Mo rántí ìró tí egungun náà ṣe, àti bí mo ṣe gbọ́ ìró náà kó tó dùn mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo fẹ́ sọ pé èmi ni. Ó wà lẹ́nu mi. Mo ti lanu.

"Àbúrò mi ni," ni mo wí.

Bírò kọ ọ́. Kò lọ́ra rárá.

Ìró tó tẹ̀ lé e nínú fóònù ò pẹ́. Tíì inú ife mi padà sílẹ̀, ó mì lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró.

Ọkùnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé, ó dìde, ó yí gbogbo ara rẹ̀ sí ilẹ̀kùn. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu bi í pé kí la ṣe fún un.

"Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún mi," ó wí. "Ẹni tó fẹnu wà á lọ́jọ́ tèmi náà, ẹnu ẹ̀ dùn báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì lọ nínú òjò.

Àbúrò mi ò kú. Wákàtí méjì làwọn panápaná fi gé irin kí wọ́n tó rí i yọ. Láti ọrùn dé ẹsẹ̀, kò sí nǹkan kan tó ń gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu mọ́. Mo fiṣẹ́ sílẹ̀, mo gbé e wá sílé mi, màmá wa náà kó wá bá wa. Àwọn ará àdúgbò ní irú ẹ̀gbọ́n tí mo jẹ́ ò wọ́pọ̀. Bí màmá wa bá rí mi tí mò ń yí i lórí ibùsùn, á máa gbàdúrà lé mi lórí, á ní bí mo ṣe dúró ti ọmọ òun, bẹ́ẹ̀ náà lẹ́nì kan máa dúró tì mí lọ́jọ́ alẹ́ mi. Mo máa ń ṣe àmín.

Kò sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Kì í jẹun lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àfi lọ́wọ́ mi. Màmá wa ní ìfẹ́ ni. Bí mo bá ti gbé ṣíbí sókè, á lanu, á tẹjú mọ́ mi, kò ní ṣẹ́jú títí abọ́ á fi ṣófo.

Ní àná, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, màmá wa kó abọ́ lọ sí ilé ìdáná. Mò ń nu ẹnu rẹ̀ nígbà tí mo rí i pé ètè rẹ̀ ń mì. Mo tẹ̀ba, mo gbé etí sún mọ́ ọn.

"Ká ní èmi ni wọ́n bi," ó wí, "'Èmi ni' ni ǹ bá sọ."

Kò bínú. Ó kàn sọ ọ́ ni. Láti kékeré ni àbúrò mi ò ti mọ irọ́ pa.

Màmá wa nuwọ́ wọlé, ó ní kí ló ń wí. Mo ní omi ló ń béèrè. Ó sáré lọ bù ú wá, mo gbé ife náà sí i lẹ́nu, ó sì mu ún tán.