Ojú Téépù Méjì

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, níbo gan-an ni àwọn èèyàn yìí ń sùn?"

Aránṣọ gbé abẹ́rẹ́ sókè, ó wo ọmọ rẹ̀ lójú. Àgékù aṣọ méjì ló wà lórí tábìlì níwájú wọn. Èyí tó jẹ́ búlúù ni Lọ́ńdọ̀nù, èyí tó pupa ni Níú Yọ́ọ̀kì. Bọ́tìnnì kóòtù ni wọ́n fi ṣe èèyàn, bọ́tìnnì kan fún ọ̀kẹ́ márùn-ún èèyàn, ìyẹn 100,000. Àádọ́rùn-ún bọ́tìnnì ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí Lọ́ńdọ̀nù. Mẹ́rinlélọ́gọ́rin ni ti Níú Yọ́ọ̀kì, ṣùgbọ́n aṣọ pupa náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, bọ́tìnnì sì ti ń gun ara wọn lórí.

"Bàbá mi, ilé alájà ni wọ́n ń gbé níbẹ̀. Orí ara wọn ni wọ́n ń sùn."

"Ṣé wọ́n wá fòfin de ilé alájà ní Lọ́ńdọ̀nù ni? Mú ìwé tó o kọ ọ́ sí wá."

Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ọmọ náà. Láti ìgbà tó ti ń fi ìka tọ àwòrán ayé lára ògiri ni bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ ní Ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì sí oníbàárà tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà tí kò tíì gbọ́ nípa ọgbọ́n rẹ̀, ìbáà jẹ́ ṣòkòtò ló wá gbà. Àmọ́ ọ̀jọ̀gbọ́n yìí kò tíì sùn mọ́jú ní ìlú mìíràn rí. Ìdí nìyẹn tí ìdíje jọ́gíráfì fi gbà á lọ́kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ni ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yóò fi ránṣẹ́. Yóò wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí olú-ìlú, yóò sì lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú, ó da bọ́tìnnì sórí aṣọ méjèèjì níwájú kíláàsì, ó ní, "Èèyàn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù fẹ̀ ju ti Níú Yọ́ọ̀kì lọ ní ìlọ́po márùn-ún!" Kíláàsì hó yèè. Tíṣà jọ́gíráfì fúnra rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Òun ni wọ́n mú, wọ́n sì ní kó lọ rán àwọn bọ́tìnnì náà mọ́ aṣọ kí wọ́n má baà dà nù lọ́nà, ìdí nìyẹn tó fi kó wọn wá bá bàbá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Nísinsìnyí, bàbá rẹ̀ fi ìka tọ ojú ìwé náà. "Lọ́ńdọ̀nù, 1,572. Kí ni 1,572?"

"Kìlómítà, níbùú lóòró."

"Níú Yọ́ọ̀kì, 302. Kí ni 302?"

Ọmọ náà tẹjú mọ́ nọ́ńbà náà. Inú ìwé mìíràn ló ti da ìyẹn kọ. "Máìlì," ó wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ kó tó sọ ọ́ tán.

Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ téépù kúrò lọ́rùn, ó na ojú kan hàn án, ó sì yí i padà. Íńṣì wà níhìn-ín, sẹ̀ǹtímítà wà lọ́hùn-ún.

"Ọdún tí mo kọ́ṣẹ́ tán," ó ní, "awakọ̀ kan ní kí n rán ṣòkòtò fún òun. Ogójì íńṣì ni gígùn rẹ̀. Ojú kejì ni mo fi gé e."

"Ó wá ńkọ́?"

"Kò dé orúnkún. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi pè mí ní Aránṣọ Pénpé. Wọ́n ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Àmọ́ ìwọ ará ẹ̀yìn yìí, inú kòtò kan náà lo wá bá mi!"

Wọ́n jọ ṣírò rẹ̀. Máìlì kan níbùú lóòró ju kìlómítà méjì àbọ̀ lọ. Tí wọ́n bá fi kìlómítà wọn ìlú méjèèjì, Níú Yọ́ọ̀kì tó ìdajì Lọ́ńdọ̀nù. Ìlọ́po méjì ni, kì í ṣe márùn-ún. Omijé lé ròrò lójú ọmọ náà.

"Aṣọ pupa mìíràn wà nílẹ̀," bàbá rẹ̀ sọ. "N kò ní bá ọ sọ fún tíṣà, n kò sì ní fi tipá mú ọ. Èyí tó o bá ní kí n rán ni n ó rán. Lọ rò ó mọ́jú."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ ọ́ fún Tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn lọ sílé-ìwé. Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ṣe ipò kejì lọ́jọ́ Ajé.

"Dákẹ́!" ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wí. "Ta ló máa mọ̀? Ṣé tíṣà tó pàtẹ́wọ́? Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà."

"Tí mo bá sọ ọ́, ìwọ ni wọ́n máa mú."

"Mo mọ̀. Mo ṣì ní kó o dákẹ́. Ta ni kò mọ̀ bí ọkọ̀ ojú irin yẹn ṣe wù ẹ́ tó?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn, ó sì tún ba nǹkan jẹ́ fún un. Báwo ni yóò ṣe gba ipò lọ́wọ́ irú ọ̀rẹ́ yìí pẹ̀lú iṣẹ́ tó mọ̀ pé kò tọ́? Nígbà ìsinmi, ó wọ yàrá àwọn olùkọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ṣi Níú Yọ́ọ̀kì wọ̀n. Ojú téépù méjì ni mo lò: máìlì fún un, kìlómítà fún Lọ́ńdọ̀nù."

Tíṣà wo ìwé náà títí. "Èmi náà rí nọ́ńbà yìí," ó wí nígbẹ̀yìn, "mo sì pàtẹ́wọ́. O ṣeun tó o sọ ọ́. Àmọ́ iṣẹ́ tí mo fi mú ọ kò tọ̀nà mọ́, ọmọ mi. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni yóò lọ."

Kó tó di ìgbà tí wọ́n jáde, gbogbo kíláàsì ti gbọ́ ọ, wọ́n sì ti sọ ọ́ ní Ojú Téépù. Ó dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ẹkún. "Bàbá mi, wọn ò mú mi mọ́."

Aránṣọ fa àpótí fún un. Lórí tábìlì, aṣọ pupa tó tó ìdajì búlúù ti wà nílẹ̀, mẹ́rinlélọ́gọ́rin bọ́tìnnì sì ti jókòó sórí rẹ̀, kò sí èyí tó gun èkejì.

"Mi ò tíì sọ èyí tẹ́ ẹ máa rán fún yín!"

"Mo lè ṣi aṣọ wọ̀n," bàbá rẹ̀ dáhùn, "n kò lè ṣi ọmọ mi wọ̀n."

Ó sọkún sí i, àmọ́ ẹkún yẹn yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Nígbà tí ìrìn àjò ku ọ̀la, Tẹ́ẹ́rẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ lábẹ́ apá. "Jọ̀ọ́, bá mi wò ó. Mi ò mọ ojú téépù tí mo fi wọ̀n ọ́n." Wọ́n jókòó tì í títí tí oòrùn fi rọlẹ̀, wọ́n sì rí ibi méjì tó yẹ ní títúnṣe.

Bí aránṣọ ti ń ká téépù rẹ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan méjì wéra, ojú téépù kan ni kó lò. Bó bá sì ṣì í wọ̀n, kó tètè sọ. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ aránṣọ sin ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé ibùdókọ̀. Bí ọkọ̀ ojú irin ti ń ṣí, Tẹ́ẹ́rẹ́ yọ orí lójú fèrèsé, ó figbe ta: "Ojú Téépù o!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó sì dáhùn sí orúkọ náà fún ìgbà àkọ́kọ́.