Igun Abà Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Fọ̀

Ìdí òkìtì ewéko òkun tí Alban Doucette sá sí etíkun Miminegash ni Zélie Chiasson bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí, tó ń kó o sínú àpò, nígbà tí ẹṣin kan tí wọ́n fi ń wọ́ ewéko jáde lókun mí kanlẹ̀ sí i lọ́rùn.

"Olè tí kò mọ ọjà!" ni Alban, tó di ìjánu ẹṣin náà mú, wí. "Èyí tó ti bu lo wá jí?"

"Máa ta èyí tó dáa fún àwọn tó fi ń mú áísìkiriìmù ki. Èyí tó bu ni tèmi."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ọkàn Zélie sì fà sí i. Zélie ṣàlàyé pé lábù ìwádìí ìṣègùn lòun ti ń ṣiṣẹ́, pé èbu kan máa ń hù lára ewéko òkun tó bá bu, tó ń pèsè purotéènì wínníwínní tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀, tó sì ti pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú ìgò ìwádìí. Kò tíì di oògùn, ó sì lè má di oògùn láé. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ló pa ìyá Alban. Alban fún Zélie ní igun kan nínú abà rẹ̀ láti tọ́jú àpò náà sí, ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn sì ti gbilẹ̀.

Nígbà tó yá, èbu tó wà ní lábù kọ̀, kò pèsè nǹkan kan mọ́. Zélie kò mikàn. Ó wakọ̀ lọ sí abà láti mú òmíràn nínú àpò.

Òórùn bílíìṣì ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀. Abà mọ́ tónítóní, Alban sì dúró láàárín rẹ̀ pẹ̀lú òrùka ìfẹ́sọ́nà lọ́wọ́.

"Àpò mi dà?"

Ẹ̀rín kú lẹ́nu Alban. Gbogbo ará ibẹ̀ ló ń fọ abà kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, torí èbu máa ń ba ọjà wọn jẹ́. "Mo... mo ti dáná sun ún. Bá a ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Zélie. Mo gbàgbé."

"O gbàgbé! Ìwọ tí àìsàn yìí pa ìyá ẹ! Ta ní í gbàgbé ìyá ẹ̀?"

Ó jan ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Èmi tí mò ń ròyìn yìí, inú ṣì ń bí mi sí Alban títí dòní. Ẹni tí a fi ìrètí pamọ́ sí lọ́wọ́ kì í dáná sun ún!

Láti ìgbà náà, bí ìjì bá ti da ewéko sétí òkun, àpò ewéko kan tí Alban gbé wá á wà lẹ́nu ọ̀nà lábù, èyí tí a kò ṣà, tí a kò fọ̀. Tìbínútìbínú ni Zélie fi ń tú wọn. Pàbó ló ń já sí, títí èbu kan fi hù, tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tún kú nínú ìgò.

Ó lọ sí abà, kò kí ẹnikẹ́ni. "Ó ti hù. Ó ń ṣiṣẹ́."

Alban jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń sunkún.

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa ìyá ẹ, má bínú. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi o!"

"Bínú, olólùfẹ́ mi. Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, wá máa bínú nílé wa."

Zélie wò yíká. Alban ti fi pákó yí igun tó fún un níjọ́sí ká. Ewéko inú rẹ̀ ti bu, ó ń rùn gan-an.

"Igun yìí ńkọ́? Ìgbà wo lo máa fọ̀ ọ́?"

"Láéláé."

Zélie na ọwọ́ òsì rẹ̀, ojú rẹ̀ ṣì le koko. "Òrùka ọjọ́sí dà?"