Ó Mọ Ohun Tí Màmá Rà, Ṣùgbọ́n Kì Í Ṣe Òṣìṣẹ́ Báńkì

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan ní ọdún 1999, Màmá Adétóun Ṣóbọ̀wálé jókòó ní pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ó ń ka lẹ́tà báńkì lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà ni ìyá yìí, ọ̀gá iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ojú òsì rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ó sì ń tọ́jú owó sí báńkì kí dókítà lè bá a ṣiṣẹ́ abẹ sí i.

Lẹ́tà náà ní olè ti jí ìwé kan gbé ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Ṣàgámù, níbi tí àwọn oníbàárà báńkì ti ń fi káàdì rajà. Orúkọ wọn, àdírẹ́sì wọn, nọ́ńbà káàdì wọn àti ohun tí wọ́n rà ló wà nínú ìwé náà. Nítorí náà, báńkì ń pààrọ̀ káàdì gbogbo wọn. Kí Màmá wá gba tuntun ní Ṣàgámù kó tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, nígbà tí wọn yóò pa ti àtijọ́.

Orúnkún ń dun Màmá, ara rẹ̀ kò sì gba ọkọ̀ wíwọ̀. Ibi tó ti ń rò ó ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn. Ọmọkùnrin kan tó de táì ló wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ káàsán, mà. Ẹ̀yin ni Ìyá Ṣóbọ̀wálé?"

"Èmi ni. Ìwọ ńkọ́?"

"Níyì ni orúkọ mi, mà, láti báńkì. Ọ̀gá wa ní ká máa bá àwọn àgbà nílé, kí wọ́n má baà ṣe wàhálà dé Ṣàgámù." Ó ṣí fáìlì ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ ra fáànù onídùúró kan àti áyọ́ọ̀nù lóṣù tó kọjá, àbí?"

Ọkàn Màmá balẹ̀. Fáànù ọ̀hún gan-an ló ń fẹ́ sí wọn lára. Ta ni ìbá mọ èyí bí kò ṣe báńkì? Ó dìde, ó lọ mú káàdì wá.

"Nọ́ńbà àṣírí yín náà, mà. Òun la máa fi ṣí tuntun."

Ọjọ́ tí wọ́n fún un ní káàdì, wọ́n ní kó má sọ nọ́ńbà yẹn fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé báńkì tó ni káàdì náà ló ń béèrè. Ó pè é fún un, ó tiẹ̀ tún un pè bí ẹni ń pe àpèkọ fún ọmọ iléèwé. Níyì fi káàdì náà sínú fáìlì, ó ní òun yóò mú tuntun wá láàárọ̀ ọ̀la.

Ilẹ̀ mọ́, kò dé. Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́, kò tún dé. Màmá wọ takisí lọ sí Ṣàgámù.

Joanna ni orúkọ akọ̀wé tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ ní báńkì. Bó ṣe ń gbọ́ ọ, kò lè kọ̀wé mọ́.

"Màmá, a ò rán ẹnikẹ́ni sílé yín."

"Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí mo rà!"

"Inú ìwé tí wọ́n jí ló ti kà á, mà. Nọ́ńbà àṣírí yín nìkan ni kò sí níbẹ̀. Òun àti káàdì ló wá gbà lọ́wọ́ yín."

Ó yẹ àkáǹtì wò. Wọ́n ti fi káàdì náà rajà ní Èkó lánàá, ìdajì owó iṣẹ́ abẹ ojú ti lọ. Kíá ni Joanna ti pa káàdì náà kí wọ́n má baà kó ìyókù.

"Ẹ̀yin nìkan kọ́, mà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ṣùgbọ́n ojú ń ti àwọn yòókù láti sọ ọ́ síta."

Ojú ti Màmá náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí wọ́n ka ìfilọ̀ tán ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní kí àlùfáà fún òun láyè.

"Ọ̀pọ̀ nínú yín ni mo kọ́ ní ABD," ó ní. "Mo máa ń nà yín pé ẹ kì í fetí sílẹ̀. Wọ́n sọ fún èmi náà, n kò fetí sílẹ̀."

Ó sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́.

Kó tó jókòó, Bàbá Ìyàndá, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, dìde láti ẹ̀yìn. "Onítáì, tó mú fáìlì dání? Ó ti wá sílé mi lánàá. Mo ní mi ò mọ ibi tí mo fi káàdì sí, ó ní òun ń padà bọ̀ lọ́la."

Nígbà tí Níyì dé ní ọjọ́ Ajé, ọlọ́pàá méjì ló bá nínú pálọ̀ Bàbá Ìyàndá. Àwọn ojú ewé tí wọ́n fà ya nínú ìwé ṣọ́ọ̀bù ló wà nínú fáìlì rẹ̀. Owó Màmá kò tíì padà. Dókítà ti sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú.

Ẹ̀yin ará wa, bí báńkì bá ní ẹ wá pààrọ̀ káàdì, kì í ṣe pé ẹ ṣẹ̀, ààbò yín ni. Ẹ tètè lọ, ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ. Ẹni tó bá yín nílé lè mọ orúkọ yín àti ohun tí ẹ rà, ìyẹn kò sọ ọ́ di òṣìṣẹ́ báńkì. Kò sí báńkì tó ń béèrè nọ́ńbà àṣírí, ì báà ṣe ọ̀gá wọn ló wá. Bí ẹ bá sì ti ṣèèṣì sọ ọ́, ẹ sáré lọ sọ fún báńkì, kí ẹ sọ fún aládùúgbò yín pẹ̀lú, nítorí ilé rẹ̀ lè jẹ́ ibi tí olè náà tún ń lọ.