Ọ̀rọ̀ Tí Mo Gbé Sódì Nígbà Tí Omi Lé Wa Nílé

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹni tó wà lẹ́yìn, kó bọ́ síwájú. Ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú, kó wá jókòó sórí àpótí yìí. Ìkòkò wà lórí iná, kò sẹ́ni tí yóò febi lọ. Ẹ kọ́kọ́ bá mi gbe orin yìí ná:

Omi dé, omi lọ,
Ẹ̀mí wa ò bómi lọ.
Ilé tó là, ẹ má sùn síbẹ̀,
A ó rílé mìíràn gbé.

Ẹ ṣé. Ohùn yín dùn ju tèmi lọ.

Lọ́dún tó kọjá, òjò kan rọ̀ ní Agbowó láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Odò kékeré ẹ̀yìn ilé wa, tí ọmọdé máa ń fò kọjá, ló wọlé bá wa. Yàrá tèmi wó. Ti Sàídátù tí ògiri wa jọ pààlà kò wó, ó là ni.

Aránṣọ ni Sàídátù, òun ló ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì gé ṣòkòtò tó bá gùn jù. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n. Sùlàímọ́nù ọkọ rẹ̀ ń wa tírélà, ó ti gbẹ́rù lọ sí Kánò kí omi tó dé. Ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀: Nimotallahi, ọmọ ọdún mẹ́fà, àti Sódìq tó ṣì ń pọ̀n.

Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Bódìjà ṣí gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ wọn fún wa. Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì, orí ẹní kan náà la jọ ń sùn. Díákónì Jóṣúà, ọmọ Ṣakí, ni ìjọ fi ṣe alábòójútó wa. Ọjọ́ tí a dé ló ti kọ orúkọ gbogbo wa sínú ìwé kan.

Ní ọjọ́ kẹta, Díákónì gun orí bẹ́ǹṣì, ó ń kéde. Èmi wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí a ti ń bó iṣu. Ìkòkò ń hó, àwọn obìnrin ń pariwo. Mo gbọ́ "ilé tuntun," mo gbọ́ "ọ̀nà Mọ́níyà," mo sì gbọ́ "Onítẹ̀bọmi." Inú mi dùn. Wọ́n ti tẹ̀ mí bọmi láti ìgbà ọmọge mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ló tún kù fún mi láti bẹ̀rù?

Mo bá Sàídátù nídìí ẹ̀rọ omi.

"Sàídátù, o ti gbọ́?"

"Kí ni, Ìyá?"

"Onítẹ̀bọmi nìkan ni wọn yóò kó lọ sílé tuntun. Ẹni tí kò bá tíì ṣe é, wọn á kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ bọmi ná."

Ó ń wo Nimotallahi tó ń fọ ẹsẹ̀.

"Àwọn ọmọ ńkọ́?"

"Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe tiwọn náà." Mi ò mọ̀ o. Mo kàn sọ ọ́ ni.

"Ìyá, kí ni màá wí fún bàbá wọn bó bá dé? Pé mo fi ẹ̀sìn àwọn ọmọ rẹ̀ gba yàrá?"

"Ṣe sùúrù, jẹ́ ká wò ó ná."

"Kí ni mo fẹ́ máa wò? Baba Sàlàkọ́ ní òun ti fi símẹ́ǹtì dí ibi tó là."

Baba Sàlàkọ́ ni onílé wa. Kí n tó padà sídìí iṣu, Sàídátù ti ká ẹní rẹ̀, ó ti pọn Sódìq, ó ti fa Nimotallahi lọ́wọ́, ó ti lọ. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo ní, "Obìnrin yìí le o." Mo tún ń bó iṣu mi.

Ọjọ́ kejì sí i, bọ́ọ̀sì tí yóò kó wa dé. Ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Díákónì ń ka orúkọ, àwọn èèyàn ń wọlé. Ó pe Alájà Mùsílímátù. Alájà dìde tòun ti tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, ó kọrí sí bọ́ọ̀sì.

Mo fà á láṣọ. "Alájà, ìgbà wo ni wọ́n tẹ̀ yín bọmi?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Omi wo? Èyí tó wọ yàrá mi tó gbé sálúbàtà mi méjèèjì lọ, ṣé kò tíì tó?"

Díákónì tún pe, "Sàídátù Sùlàímọ́nù, àti ọmọ méjì."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta.

"Díákónì," mo ní, "Mùsùlùmí ni Sàídátù o."

"Mo mọ̀, Ìyá. Ibo ló wà?"

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní Onítẹ̀bọmi nìkan ni wọn yóò kó."

Ó pa ìwé dé. "Ìyá Àbẹ̀ḿbí, ohun tí mo sọ ni pé àwọn tí ilé wọn bàjẹ́, Onítẹ̀bọmi ni yóò kó wọn. Àwa la ó kó yín. Ta ló ní Onítẹ̀bọmi ni wọn yóò kó? Ta ló sì fi 'nìkan' sí i?"

Èmi ni, ẹ̀yin ọmọ mi. "Wọn" tó yẹ kó gbẹ́yìn ni mo gbé síwájú. "Nìkan" ní tirẹ̀, apò ara mi ni mo ti mú un jáde.

"Ó ti padà sílé Baba Sàlàkọ́," mo ní. Ohùn mi ti lọ sílẹ̀.

Díákónì gbójú sókè wo ojú ọ̀run. "Ilé tó là yẹn?"

Alájà yọrí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì. "Ẹ lọ mú un wá. Bọ́ọ̀sì yìí ò ní kúrò níbí. Bí ó bá fẹ́ kúrò, màá sùn síwájú táyà rẹ̀."

A wọ takisí dé Agbowó, a fẹsẹ̀ sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sódò. Baba Sàlàkọ́ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń po símẹ́ǹtì nínú abọ́.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Ṣé ẹ rí i bó ṣe dán? Ogún ọdún nilé yìí. Òjò tó wó yàrá Ìyá yìí ò rí tibí wó. Òjò wo ló wá fẹ́ wó o?"

Sàídátù wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, Nimotallahi ń bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Èjìká ni Díákónì fi ti ilẹ̀kùn kó tó ṣí fún wa, ó sì ha ilẹ̀ gìrìrì. Kò jókòó.

"Ìyá Nimotallahi, láti ìgbà wo ni ilẹ̀kùn yìí ti ń há?"

"Àárọ̀ yìí ni."

"Kì í há tẹ́lẹ̀?"

"Kì í há."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ kan lápò, ó fi ha símẹ́ǹtì tuntun tó wà lára ògiri. Ó ṣí bí èèpo ẹyin. Díákónì ti ọwọ́ bọ ibẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ wọlé dé ọrùn ọwọ́.

"Baba, ẹ wá wò ó. Ẹ bo ojú ọgbẹ́ ni, ẹ ò wò ó sàn. Ìpìlẹ̀ ilé yìí ti ń rì, ògiri ń tẹ ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀, ìyẹn ló fi ń há."

"Díákónì," Baba Sàlàkọ́ ní láti ẹnu ọ̀nà, "ṣé oníwàásù ni yín àbí bíríkìlà?"

"Bíríkìlà ló bí mi, Baba. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo ti ń gbé omi símẹ́ǹtì kí n tó mọ ìwé kà."

Sàídátù kò dìde. "Ẹ ṣé, Díákónì. Àmọ́ mi ò ní fi ọmọ ṣe pàṣípààrọ̀. Bàbá wọn á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é."

Ọ̀rọ̀ kan èmi. Mo ní, "Sàídátù, ẹnu mi ló ṣe ọ́. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò tẹ ẹnikẹ́ni bọmi. Alájà Mùsílímátù ti wà nínú bọ́ọ̀sì báyìí, ìwọ ló ń dúró dè."

Ó gbójú sókè wò mí. "Ìyá, ṣé bí ẹ ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, àbí ẹ tún ti fi nǹkan kún un?"

Ó dùn mí. Mo gbé e mì, torí ó tọ́ sí mi.

Díákónì na ìwé sí i. Sàídátù kàwé jù mí lọ, ó parí ilé ẹ̀kọ́ gírámà. Ó fìka tọ́ ọ, ó ń kà á jáde: "Sàídátù Sùlàímọ́nù. Ọmọ méjì. Aránṣọ." Ó yí ìwé náà padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ibo lẹ kọ ẹ̀sìn mi sí?"

"Ìwé náà ò béèrè."

"Bí mo bá dé ọ̀hún ńkọ́? Wọn ò ní fi dandan mú mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Wọ́n á sọ fún yín pé ìsìn wà lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹni tó bá wù ló ń wá. Alájà ti bi mí níbi tí wọn yóò ti máa kírun, mo sì ti sọ ọ́ fún un."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu páànù, atẹ́gùn sì gbá ilẹ̀kùn dé. Erùpẹ̀ já bọ́ láti òkè, ó dà sórí Sódìq.

"Ẹ dìde," Díákónì ní. "Nísinsìnyí."

Ó di ilẹ̀kùn mú, ó fà á. Kò ṣí. Mo bá a fà á. Baba Sàlàkọ́ ń tì í láti ìta. Kò mira. Ògiri dún pá, bí igi gbígbẹ tí wọ́n dá. Nimotallahi di mọ́ ìyá rẹ̀.

"Fèrèsé," Díákónì ní.

Baba Sàlàkọ́ ti ju abọ́ símẹ́ǹtì nù, ó ti sáré yí ilé po, ó na ọwọ́ méjèèjì wọlé. "Gbé ọmọ náà fún mi. Gbé e fún mi, ọmọ mi."

A na Sódìq sí i, a na Nimotallahi sí i. Ó kù Sàídátù. Ó yíjú padà, ó gbọ́wọ́ lé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

"Díákónì, ẹ bá mi gbé e."

"Kò lè gba ojú fèrèsé."

"Òun ló ń bọ́ wa."

Ògiri tún dún. Nimotallahi pè é láti inú òjò: "Màámi."

Sàídátù gbọ́wọ́ kúrò, ó gun fèrèsé. Ó wá kan èmi, arúgbó ìdí iṣu. Díákónì ń tì mí lẹ́yìn, Baba Sàlàkọ́ ń fà mí lọ́wọ́, ìró mi ya dé ìbàdí. Díákónì ló jáde kẹ́yìn.

A ò tíì dé títì tí ògiri náà fi tẹ̀, ó dojú dé ibi tí ẹ̀rọ wà, páànù sì jókòó lé e lórí. Baba Sàlàkọ́ dúró nínú òjò, ó ń wo símẹ́ǹtì tí omi ń fọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo ní kó máa gbé ibẹ̀," ó ní.

Gbogbo wa rin gbindin. Omi ń ṣàn láti orí ìborùn Sàídátù. Ó wò mí títí, ó ní, "Ìyá, ẹ ò kúkú parọ́. Wọ́n ti tẹ̀ wá bọmi náà nìyẹn."

Díákónì rẹ́rìn-ín títí ó fi di orúnkún mú. Èmi ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tèmi àbí ẹkún.

Bọ́ọ̀sì ń dúró dè wá. Alájà ti pa àyè mẹ́ta mọ́ fún wọn nítòsí ara rẹ̀. Nígbà tí Sùlàímọ́nù dé láti Kánò, ọ̀nà Mọ́níyà ló ti bá ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ láàyè. Ẹ̀rọ yẹn bàjẹ́ o, mi ò ní tàn yín. Ọwọ́ ni Sàídátù fi ránṣọ fóṣù mẹ́ta kí ọkọ rẹ̀ tó wá òmíràn. Ìró mi tó ya, òun náà ló rán an. Òun ni mo ró wá síbí.

Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí omi bá ti wọ ilé yín, ẹ má kàn padà síbẹ̀ torí pé ilẹ̀ ti gbẹ. Ẹ wo ara ògiri. Bí ọwọ́ bá lè wọ ibi tó là, bí ilẹ̀kùn tí kì í há bá ń há, bí erùpẹ̀ bá ń já láti òkè, ẹ jáde, kí ẹ pe ẹni tó mọ ilé í kọ́ kó wá wò ó. Símẹ́ǹtì tí wọ́n fi kun ojú ibẹ̀ kì í ṣe oògùn. Ẹ má fọwọ́ kan iná NEPA nínú ilé tó tutù. Omi kànga tí àgbàrá ti wọ̀, ẹ sè é kó hó kí ẹ tó mu ún. Ẹrù tó bá kù sẹ́yìn, ẹ jẹ́ kó kù. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń ra ẹrù.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì, ẹ̀yin ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀, orúkọ tí bàbá yín sọ yín ni kí ẹ fi sílẹ̀ níbi ìrànlọ́wọ́. Ìjọ tó bá fẹ́ràn Ọlọ́run kì í bi ẹni tó ń rì sómi ní ẹ̀sìn rẹ̀ kó tó fà á jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ fi ẹ̀sìn gba ilé, bí ó bá tiẹ̀ jẹ́ arúgbó bíi tèmi, ẹ lọ bá ẹni tó ni ìwé lọ́wọ́, kí ẹ bi í lẹ́nu ara rẹ̀.

Ó tó. Ìkòkò ti jinná. Àsáró ni, ẹja wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé abọ́ yín wá, ẹ jẹ àjẹyó, ẹ bu ti àwọn ọmọ dání, kí kálukú máa lọ sílé ní àlàáfíà.

Ẹ bá mi jíṣẹ́ fún ẹni tí kò wá. Àmọ́ bí mo ṣe rán an ni kí ẹ jẹ́ ẹ. Ẹ má fi "nìkan" sí i.